Ẹja omi iyọ̀ mi ń kú nínú omi tó mọ́ gaara: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ajah ni mò ń gbé. Mo ra tánkì gílàásì lítà 200, mo to òkúta àti yanrìn sí i, mo fi omi bọ́hòlù ilé wa po iyọ̀ ẹja òkun tí wọ́n tà fún mi. Bí wọ́n ṣe kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára páálí gan-an ni mo ṣe wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ kejì ni mo kó ẹja mẹ́rin sí i. Omi mọ́ gaara, ẹ lè ka ìwé láti ẹ̀yìn tánkì. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹnu sókè omi, wọ́n ń mí gúlegúle, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì gbogbo wọn ti kú. Mo da omi nù pátá, mo fi omi gbígbóná fọ òkúta àti fílítà, mo po omi tuntun, mo ra ẹja míì. Bákan náà ló tún rí, ọ̀kan ṣoṣo ló kù báyìí. Ọ̀rẹ́ mi ní iyọ̀ yẹn ni kò dáa, pé kí n kúkú lọ bu omi òkun ní Elegushi, ọ̀fẹ́ ni. Ṣé kí n lọ bù ú?"

Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ Elegushi lẹ fi parí lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n bí mo bá kàn fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá yín lóhùn, ẹja míì á tún kú, yálà omi òkun lẹ lò tàbí omi bọ́hòlù. Ohun tó ń dùn yín ni pé ẹ ṣe gbogbo nǹkan tí ẹni tó mọ́tótó ń ṣe, ẹja ò sì gbádùn. Lójú tèmi, fífọ̀ tí ẹ̀ ń fọ nǹkan yẹn gan-an ló ń dá yín padà sẹ́yìn. Iyọ̀ yín lè má lẹ́bi rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹja fúnra rẹ̀. Apá kan nínú oúnjẹ tó bá jẹ ń di májèlé kan tó ń jẹ́ amóníà nínú ara rẹ̀, ibi tó fi ń mí ló sì ń gbà jáde sínú omi, tọ̀sán-tòru. Oúnjẹ tó ṣẹ́ kù tó jẹrà sábẹ́ òkúta ń dá tirẹ̀ kún un. Amóníà yìí kò ní àwọ̀, ìwọ̀n tó sì lè pa ẹja kéré débi pé imú yín ò ní gbọ́ òórùn rẹ̀. Nítorí náà, pé ẹ lè ka ìwé láti ẹ̀yìn tánkì kò sọ nǹkan kan fún wa. Omi tó ṣú díẹ̀ nínú tánkì tó ti pẹ́ lè dára fún ẹja ju omi yín tó ń dán gbinrin lọ. Omi iyọ̀ sì tún ní wàhálà tirẹ̀. Oríṣi méjì ni amóníà ń pín sí nínú omi: ọ̀kan ń wọ ara ẹja lọ, òun ló ń pa á; èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. pH omi, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, àti bó ṣe gbóná tó ló ń pinnu èyí tó máa pọ̀. Bí pH bá jẹ́ 7, bó ṣe sábà máa ń rí nínú tánkì ẹja omi tí kò níyọ̀, oríṣi tó ń pani kì í tó ìdá 1 nínú 100. Omi òkun wà láàárín 8.1 sí 8.3, bó bá sì gbóná dé 28 dígírì bí Èkó ṣe ń gbóná yìí, oríṣi tó ń pani a máa sún mọ́ ìdá 1 nínú 10. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti sin goldfish láìsí wàhálà fún ọ̀pọ̀ ọdún fi máa ń ṣubú lọ́wọ́ ẹja òkun. Ìwà kan náà ló hù sí méjèèjì, omi ni ò jọra.

Kí ló wá dé tí ẹja ò fi kú nínú tánkì ẹlòmíì? Bakitéríà ló ń gbà wọ́n. Oríṣi kan ń sọ amóníà di nitrite, òmíràn ń gba nitrite yẹn, ó ń sọ ọ́ di nitrate, tí ẹja lè fara dà fún ìgbà pípẹ́. Sergei Winogradsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, ti fi iṣẹ́ wọn han ayé ní nǹkan bí ọdún 1890, inú iyẹ̀pẹ̀ ló sì ti wá wọn rí, kò sẹ́ni tó ń ronú tánkì ẹja nígbà yẹn. Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀ nípa wọn. Àkọ́kọ́, ara òkúta, yanrìn àti fóòmù fílítà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́. Àwọn tó wà nínú omi fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan. Èkejì, wọn kì í yára bí sí i. Àwọn bakitéríà tó ń ba ọbẹ̀ jẹ́ lè di ìlọ́po méjì kí ìdajì wákàtí tó pé; tiwa yìí lè gba odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti orí ìwọ̀nba tó bá òkúta wọlé títí dé iye tó lè gbé ẹja mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 ló sábà máa ń gbà. Ẹ fojú inú wo ìyá tó se irúgbá, tó bó o, tó fi ewé dì í kó lè di irú, ṣùgbọ́n tó ń tú u láràárọ̀ láti fi omi gbígbóná ṣàn án kó lè mọ́. Irú wo ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ máa rí tà? Nígbà tí ẹ da omi gbígbóná sórí òkúta àti fílítà, ìwọ̀nba tó ti ń gbèrú níbẹ̀ lẹ pa. Ẹ̀yìn náà lẹ wá kó ẹja tuntun sínú tánkì tó tún padà di ọmọ ọjọ́ kan.

Ọ̀pọ̀ òǹtajà ló ń sọ pé kí èèyàn jẹ́ kí omi ṣiṣẹ́ mọ́jú kó tó kó ẹja sí i. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: iyọ̀ nílò wákàtí 24 kó tó yòrò dáadáa kí pH rẹ̀ sì fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá ti yòrò, iyọ̀ ló parí iṣẹ́ tirẹ̀, bakitéríà ò tíì bẹ̀rẹ̀. N kò ní pe àwọn òǹtajà lólè nítorí èyí, púpọ̀ nínú wọn ò ní ibi tí wọ́n ti rí tánkì tó lo oṣù mẹ́fà rí. Ẹja ń wọlé lóníì, ó ń jáde lọ́la.

N kò dúró nídìí tánkì yín, ẹ ò sì sọ pé ẹ yẹ omi náà wò, nítorí náà ohun tí lẹ́tà yín tọ́ka sí jù lọ ni mò ń sọ. Ẹja tó ń yọ ẹnu sókè omi lè máa wá afẹ́fẹ́ lóòótọ́. Omi òkun tó gbóná dé 28 dígírì kì í gba ju mílígíráàmù ọ́síjìn 6 àti díẹ̀ nínú lítà kan, nígbà tí omi tí kò níyọ̀ ní 20 dígírì ń gba 9. Àrùn kan tún wà tí àwọn olùsìn ẹja ń pè ní velvet, ó ń bo ibi tí ẹja fi ń mí, ó sì lè gbọn tánkì kan gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bó bá sì jẹ́ clownfish lẹ rà, ẹ mọ̀ pé kò sí èyí tó ń gbé inú òkun Atlantic. Láti òkun Indian àti Pacific ni ìran wọn ti wá, tàbí kó jẹ́ pé ilé tí wọ́n ti ń sin ẹja ni wọ́n ti bí wọn. Ìrìn àjò inú ọ̀rá náà nìkan tó láti sọ ẹja di aláìsàn. Ní Philippines àti Indonesia, àwọn apẹja kan ṣì ń fi májèlé cyanide mú ẹja òkun, ẹja bẹ́ẹ̀ lè jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan kó wá ṣàdédé kú. Ohun tó mú kí n di amóníà mú ni bí ikú yẹn ṣe tẹ̀ lé ara wọn: ó gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nínú tánkì tuntun, àti nínú tánkì tí ẹ fọ̀ di tuntun. Ká ní iyọ̀ ló burú ni, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìnira ìbá ti hàn lára wọn.

Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí iyọ̀, torí mo mọ ibi tí ọ̀rẹ́ yín ń lọ, ẹlòmíì á sì tún gbà yín nímọ̀ràn láti lo iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹ má dán an wò. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ nínú. Nínú 100, bí 85 nínú rẹ̀ ni irú iyọ̀ tí a fi ń sebẹ̀, àwọn yòókù ni mágíníṣíọ̀mù, tó tó mílígíráàmù 1,300 nínú lítà, kálísíọ̀mù, tó lé ní 400, àti àwọn míì tí ẹja, edé àti iyùn òkun ò lè ṣe láìsí. Bọ́ọ̀lì iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní wọn, kò sì ní ohun tó ń di pH mú. Ibi tí mo ti lè bá iyọ̀ yín wíjọ́ ni ìwọ̀n. Páálí sọ ohun tó yẹ kó rí, kò sọ bó ṣe rí nínú tánkì yín. Iyọ̀ òkun ń fa omi mọ́ra nínú ọ̀rinrin Èkó, èyí tó bá ti di gbagidi nínú ọ̀rá wúwo nítorí omi, bí ẹ bá wọ̀n ọ́n, iyọ̀ tó wọlé kò ní tó. Ẹ ra refractometer, ohun èlò tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, kí ẹ sì máa fi omi ìdánwò tó jẹ́ 35 tò ó, torí èyí tí wọ́n bá fi omi lásán tò lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ohun tí ẹ̀ ń wá ni 35, tàbí 1.025 sí 1.026 lórí ìlà kejì, èyí tó ń sọ bí omi ṣe wúwo tó. Iyọ̀ lẹ ó máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe omi sórí iyọ̀, kí pọ́ǹpù máa rò ó yíká nínú agbada ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá da omi sórí òkìtì iyọ̀, kálísíọ̀mù á dì, á sì rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹfun, kò ní yòrò mọ́.

Ó wá kan Elegushi. Omi òkun fúnra rẹ̀ kò burú. Ọ̀pọ̀ ilé ìṣàfihàn ẹja tó wà létí òkun ní ayé ló ń fa á lò. Ibi tí ẹ fẹ́ ti bù ú ni mo ń bẹ̀rù. Odò Ògùn àti gọ́tà ìlú Èkó tó pọ̀ jù lọ ló ń ṣàn sínú ọ̀sà, ọ̀sà sì ń gba Commodore Channel, ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó, jáde sókun. Ìṣàn etíkun wa láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ni. Ẹ rí i bí yanrìn ṣe ń ṣù jọ sí etíkun Lighthouse tí òkun sì jẹ Bar Beach lọ, látìgbà tí wọ́n ti mọ odi òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté náà láàárín 1908 sí 1912? Ìṣàn yẹn ló ń kó yanrìn náà. Ohun tó bá ti ọ̀sà jáde, ọ̀nà Victoria Island àti Elegushi ló ń forí lé: epo ọkọ̀ ojú omi, ìgbẹ́, ọṣẹ, àti omi òjò. Nígbà òjò, ọ̀sà ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ máà níyọ̀ mọ́, omi etíkun náà á sì lọ sílẹ̀ nínú iyọ̀, ẹ ò ní fi ojú mọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ tó ní ọkọ̀, tó lè wa lọ síbi tí omi ti di búlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lè bù ú, kó bò ó mọ́ inú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì nínú dúrọ́ọ̀mù tí kò gbé kẹ́míkà rí, kó sẹ́ ẹ, kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lò ó. Ẹ ṣírò owó epo ọkọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó pè é ní ọ̀fẹ́. Bó tiẹ̀ mọ́, kò ní wo ohun tó ń ṣe tánkì yín sàn, torí ara òkúta ni bakitéríà ń gbé, ẹ ò sì lè fi kẹ́ẹ̀gì bù wọ́n wálé.

Omi bọ́hòlù Ajah ló ń kọ mí lóminú ju iyọ̀ lọ. Púpọ̀ nínú omi abẹ́ ilẹ̀ Èkó ló kan díẹ̀, tó sì ní irin nínú, ẹ̀yin náà ń rí ìpọ́n rẹ̀ lára táìlì balùwẹ̀. Lápá Lẹ́kí sí Ajah, omi òkun ti ń wọ inú kànga ọ̀pọ̀ ilé, tó fi jẹ́ pé omi náà ti níyọ̀ tirẹ̀ kẹ́ ẹ tó da tiyín sí i. Ilé tó sì ní ẹ̀rọ tó ń fọ omi, kílórìn àti álọ́ọ̀mù ló sábà máa ń wà nínú ohun tí wọ́n ń lò. Ẹ ra mítà TDS, èyí tó ń wọn iye nǹkan tó yòrò sínú omi, kò wọ́n, ẹ tì í bọ omi yín. Bó bá fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún hàn, ẹ kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, mítà náà ò sì lè dárúkọ wọn. Iye wọn ló ń sọ. Ẹ̀rọ RO, tó ń fi ipá sẹ́ omi gba inú awọ tín-ín-rín, tó sì ní àpò resin lẹ́yìn tó ń fa èyí tó bá ṣẹ́ kù mọ́ra, ni ojútùú tó dáni lójú, kí nọ́ńbà náà wá sílẹ̀ dé 0 tàbí kó sún mọ́ ọn. Ó ń fi omi ṣòfò, tó lítà 3 tàbí 4 fún lítà kan tó dára, ṣùgbọ́n ẹ lè fi èyí tó dànù fọ aṣọ. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lójú pópó ńkọ́? Òmíràn dára gan-an, òmíràn ò yàtọ̀ sí bọ́hòlù. Mítà yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, àpò kan lẹ́yìn òmíràn. Ohun tí mítà ò ní sọ fún yín ni bàbà. Bàbà díẹ̀ látinú páìpù tàbí ẹnu ẹ̀rọ onídẹ lè pa edé àti iyùn òkun láìṣe ẹja ní nǹkan kan, torí náà rọ́bà ni kí gbogbo ohun tó kan omi yín jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe báyìí kò ṣòro, ó kàn gba sùúrù ni. Ẹ má ra ẹja kankan. Ẹ ra ohun ìdánwò olómi fún amóníà, nitrite àti nitrate, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja kan tó kù: bí òǹtajà bá lè gbà á padà, ẹ dá a padà. Bí kò bá gbà, ẹ máa fún un lóúnjẹ díẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì, ẹ máa yẹ amóníà wò lójoojúmọ́, ìgbàkígbà tó bá ti yọ, ẹ pààrọ̀ ìdá 1 nínú 4 omi náà pẹ̀lú omi tí iyọ̀ àti ooru rẹ̀ bá ti tánkì mu. Ẹja náà lè yè, ó sì lè má yè, n kò ní tàn yín. Bí tánkì bá ṣófo, iṣẹ́ yá: ẹ jù edé tútù kan sí i, tàbí kẹ́ ẹ fi amóníà tí kò ní lọ́fínńdà gbé e dé mílígíráàmù 2 nínú lítà. Amóníà á gòkè, á sọ̀kalẹ̀; nitrite á tẹ̀ lé e, òun náà á sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá da 2 sí i tí amóníà àti nitrite sì padà di 0 láàárín wákàtí 24, tánkì ti ṣetán. Láàárín ìgbà yẹn, ohun aláwọ̀ ilẹ̀ á bo yanrìn, lẹ́yìn náà ọbẹdò á yọ lára gílàásì. Ẹ nu gílàásì, ẹ fi òkúta sílẹ̀. Bakitéríà inú ìgò tí wọ́n ń tà lè dín ọjọ́ kù bó bá ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n èyí tó ti jókòó sínú àpótí gbígbóná ní èbúté fún oṣù kan, ọwọ́ mi ò ní sí níbẹ̀. Òkúta kan láti inú tánkì ẹni tí ẹja rẹ̀ kò ṣàìsàn dára jù ú lọ.

Omi tó ń gbẹ ló ń pa ẹja àwọn tó ti kọjá ibi tí ẹ wà yìí. Omi nìkan ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ, iyọ̀ kì í lọ. Ẹ fi tiyín ṣírò rẹ̀: lítà 200 ní 35 gba kìlógíráàmù 7 iyọ̀. Bí lítà 20 bá gbẹ, tí ẹ wá fi omi iyọ̀ dí i, gíráàmù 700 lẹ fi kún un, 35 ti di 38.5. Omi RO lásán ni kẹ́ ẹ máa fi dí i, lójoojúmọ́, dé ìlà tí ẹ bá fi bírò fà sára gílàásì. Nígbà ọyẹ́ tàbí nínú yàrá tó ní AC, ó ń yá gan-an. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi dára láti mú ooru wálẹ̀, èmi náà ń lò ó fún àwọn tánkì tí mò ń tọ́jú, ṣùgbọ́n omi ni ẹ ó fi san owó rẹ̀.

Iná ńkọ́? Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ gbàgbé gílóòbù, pọ́ǹpù tó ń ru omi sókè ni kí inverter kọ́kọ́ gbé. Kì í jẹ ju wáàtì 5 sí 10 lọ. Ẹ tún ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì nílé fún ọjọ́ tí inverter bá kọ̀. Fílítà oníkẹ́ẹ̀gì, èyí tí wọ́n dé pa síta tánkì, bó bá dúró fún wákàtí mélòó kan, bakitéríà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú nítorí àìsí afẹ́fẹ́, bí iná bá sì dé, gbogbo omi rírùn inú rẹ̀ ló máa tú sórí ẹja. Nítorí èyí, lójú tèmi, ẹni tó ń gbé Èkó kò gbọ́dọ̀ gbára lé fílítà bẹ́ẹ̀ nìkan. Òkúta tó pọ̀ nínú tánkì gan-an ló ń gbà wá. Bí ẹ bá sì máa fọ fóòmù rẹ̀, omi tánkì tí ẹ fẹ́ dà nù ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án.

Ẹ máà jẹ́ kí pH dààmú yín jù. Bó bá jẹ́ 7.9 láàárọ̀ nínú yàrá tí wọ́n tì pa, èémí àwọn tó sùn síbẹ̀ ni. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ra ìgò oògùn. Nitrate tó bá wà nísàlẹ̀ mílígíráàmù 40 nínú lítà kò ní ṣe ẹja ní nǹkan kan, bó bá jẹ́ iyùn òkun lẹ fẹ́ sìn lọ́jọ́ iwájú, ẹ wá sí ìsàlẹ̀ 10. Ìdá 1 nínú 10 omi lọ́sẹ̀, ó tó. Ìyẹn túmọ̀ sí lítà 20 omi iyọ̀ tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú omi tí ẹ ó fi dí èyí tó gbẹ. Bí ìyẹn bá ti dà bí ẹrù sí yín látìsinsìnyí, ẹ lè fi tánkì yẹn sin ẹja omi tí kò níyọ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ó máa bá a lọ, ẹja kékeré kan tàbí méjì lẹ ó kọ́kọ́ rà lọ́jọ́ tí tánkì bá ṣetán, oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ sì jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí amóníà ti wà ní 0 kẹ́ ẹ tó fi òmíràn kún un. Ẹ ní kí òǹtajà fún un lóúnjẹ níṣojú yín kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má sì da omi inú ọ̀rá rẹ̀ sínú tánkì yín. Kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ yẹ omi tó wà nílẹ̀ báyìí wò, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà amóníà, nitrite àti iyọ̀ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ohun tí mítà TDS sọ nípa bọ́hòlù yín. Bí amóníà bá jẹ́ 0, a jẹ́ pé mo ti ṣi ọ̀nà, á sì di dandan ká máa wá àrùn.